Ṣọ́ọ̀bù ẹja tí kò gbà láti ta ẹja fún mi, mo fún wọn ní ìràwọ̀ mẹ́rin

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ má bàa gùn jù, ìràwọ̀ kan tí mo yọ nínú márùn-ún yẹn, ọ̀rọ̀ páàkì ló fà á, àti bàbá kan tó máa ń wà ní káńtà lọ́jọ́ Sunday, màá dé orí ìyẹn. Iṣẹ́ wọn dáa. Àmọ́ ẹ wo èmi yìí o, tí mo rò pé mo ti fi omi pípọn sílẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, tí mò ń gbé kẹ́ẹ̀gì lita 25 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí ìdí mọ́tò nínú òtútù London, torí pé kò sí ibi tí èèyàn lè páàkì sí nítòsí wọn lọ́jọ́ Sátidé.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń kó lọ sí Scotland, ó ní òun ní táǹkì ẹja olómi iyọ̀ kan nílé, lita 60, coral wà nínú ẹ̀ (ẹ̀dá omi òkun tó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta), ta ló fẹ́ ẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ṣáà mọ àwa àti ọ̀fẹ́. Mi ò tiẹ̀ bèèrè bó ṣe rí tí mo ti ní èmi ni o. Ìgbà tí èmi àti ọkọ mi débẹ̀ la tó gbọ́ pé ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí wọ́n ti tọ́jú ẹ̀ kẹ́yìn, oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń jù sí i. Omi ti fà wálẹ̀ tó ìka mẹ́rin, iyọ̀ ti gan mọ́ etí gíláàsì bí ẹfun, ewé wẹ́wẹ́ kan tó dà bí irun ti bo òkúta pátápátá, pọ́ǹpù ń kùn bí jẹnẹrétọ̀ tó fẹ́ kú, òórùn ẹ̀ wá dà bíi ti ẹja tí wọ́n gbàgbé sínú búùtù mọ́tò. Ẹja kan ṣoṣo ló kù, clownfish, aláwọ̀ ọsàn tó nílà funfun yẹn, ó dúró sí kọ̀rọ̀ kan ó ń wò wá. Ọkọ mi ní ká da gbogbo ẹ̀ nù ká fi táǹkì gbin ẹ̀fọ́. Èmi ni mo ṣèèṣì wo ojú ẹja yẹn.

Ni mo bá gba ṣọ́ọ̀bù yìí lọ. Ohun tí mo fẹ́ rà ò ju ẹja méjì sí i lọ, kí èyí má bàa dá nìkan wà, àti oògùn tó ń pa ewé. Ọmọkùnrin tó ń tajà gbọ́ tí mò ń bá ọkọ mi sọ Yorùbá lórí fóònù, ó tẹrí ba, ó ní "Ẹ káàsán mà." Inú mi dùn, mo ní ọjà máa yá lónìí. Ó gbọ́ tẹnu mi tán, ó ní, "Ẹ má bínú mà, mi ò ní lè ta ẹja fún yín lónìí o. Oògùn yẹn náà, ẹ fi í sílẹ̀. Ṣé ẹ bu omi ẹ̀ wá?" Omi kẹ̀? Ó ní kí n lọ bù ú wá, ife kan ti tó.

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Mo wakọ̀ wá láti Thamesmead kí wọ́n tó wá ní kí n lọ bu omi. Ṣùgbọ́n mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n yẹ omi náà wò lójú mi, wọn ò gba kọ́bọ̀. Ìwọ̀n iyọ̀ ẹ̀ jẹ́ 1.031, bẹ́ẹ̀ 1.025 sí 1.026 ló yẹ kó jẹ́. Mo ní ta ló wá ń da iyọ̀ sí i? Ọmọkùnrin tó ń tajà yẹn, àbúrò ni mo sọ ọ́ dà, rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mà, tí ọbẹ̀ bá pẹ́ lórí iná, ṣé iyọ̀ ẹ̀ kì í pọ̀ sí i ni? Omi ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ." Ó yé mi wàyí. Omi tí kò níyọ̀ rárá ni èèyàn gbọ́dọ̀ máa fi dí èyí tó bá gbẹ lójoojúmọ́. Nitrate, ìyẹn ohun tí ìdọ̀tí ẹja máa ń dà nínú omi, ní tiẹ̀ ti dé àwọ̀ tó gbẹ̀yìn nínú páálí tí wọ́n fi ń wò ó. Ammonia, májèlé tó ń ti ara ìdọ̀tí ẹja jáde, ni kò sí, ó ní ká dúpẹ́ ìyẹn, bakitéríà tó ń gbé inú òkúta ló ṣì ń ṣiṣẹ́, òun ló jẹ́ kí ẹja yẹn wà láàyè. Mo ní ṣebí kí n kàn da omi lásán sí i lẹ́ẹ̀kan náà kí iyọ̀ lè wálẹ̀, ó ní háà, rárá mà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀ ṣe é, coral àti ìgbín ò lè fara da kó yí padà lójijì.

Ọ̀rọ̀ omi ni mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n fẹ́ fi rẹ́ mi jẹ. Wọ́n ní kí n má lo omi ẹ̀rọ, kí n máa wá ra omi RO, èyí tí wọ́n ti sẹ́ gbogbo nǹkan kúrò nínú ẹ̀, lọ́dọ̀ wọn, pọ́n-ùn mẹ́rin kẹ́ẹ̀gì kan, èyí tí wọ́n ti po iyọ̀ sí jẹ́ pọ́n-ùn mẹ́sàn-án. Mo ní omi tí gbogbo London ń mu! Wọ́n wá ṣàlàyé pé omi London le, ìyẹn ni pé ẹfun pọ̀ nínú ẹ̀, àti pé òfin ilẹ̀ yìí gbà kí nitrate tó 50 miligíráàmù wà nínú lita omi mímu kan, kò ní ṣe èèyàn ní nǹkan kan, àmọ́ oúnjẹ ni fún ewé yẹn. Wọ́n ki mítà TDS, tó ń ka iye nǹkan tó yọ́ sínú omi, bọ omi tiwọn, òdo ni. Mo lọ yá irú mítà yẹn, mo ki í bọ omi ilé mi, ó lé ní 300. Mo panu mọ́.

Mò ń pààrọ̀ omi lita mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀, mò ń yọ òkúta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha ewé kúrò lára ẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo bu omi táǹkì náà sí, torí omi ẹ̀rọ á pa bakitéríà. Yanrìn náà, díẹ̀díẹ̀ ni mò ń fi rọ́bà fa ìdọ̀tí inú ẹ̀, tó bá ru sókè lẹ́ẹ̀kan, ìdọ̀tí tó ti jẹrà nísàlẹ̀ lè pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Òkúta kan wà tí ewé ẹ̀ kọ̀ tí kò ṣí, n ló bá sọ sí mi lọ́kàn pé kí n da omi gbígbóná lé e. Kẹ́tù ti ń hó o! Mo kàn ní kí n kọ́kọ́ pè wọ́n ni, àbúrò yìí pariwo lórí fóònù, "Mà, ẹ má ṣe é, ẹ jọ̀ọ́!" Ó ní zoanthid, tó bá coral tan, ni àwọn ohun róbótó tó dà bí òdòdó lára òkúta yẹn, àwọn kan nínú wọn ní májèlé tí wọ́n ń pè ní palytoxin, ooru ẹ̀ téèyàn bá fà á símú lè gbéni dé ọsibítù. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ìdílé kan ní Oxfordshire lọ́dún 2018, níbi tí wọ́n ti ń fọ táǹkì ẹja. Àtọjọ́ náà, láìwọ ìbọ̀wọ́ àti awò, mi ò kì í tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìpè fóònù yẹn nìkan tó ìràwọ̀ mẹ́rin lójú tèmi.

Bàbá ọjọ́ Sunday wá ń kọ́? Òun ló ta ohun tó ń fa phosphate (oúnjẹ ewé yẹn mìíràn) kúrò nínú omi fún mi, ó ní kí n da gbogbo ẹ̀ sí fílítà. Nígbà tí mo sọ fún àbúrò, ó ní ìdajì péré ni, tí phosphate bá já wálẹ̀ lójijì, coral á fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ẹni méjì, ṣọ́ọ̀bù kan, ọ̀rọ̀ méjì. Kí wọ́n jókòó kí wọ́n fẹnu kò o.

Ó kù àwọn aiptasia, nǹkan kékeré tó dà bí igi ọ̀pẹ, tó ń ta coral bí agbọ́n. Téèyàn bá já a, ìdá tó kù á tún hù. Wọ́n ta edé méjì fún mi, peppermint shrimp, pọ́n-ùn mẹ́rìndínlógún, kí ìyá mi má gbọ́ iye tí mo ra edé méjì tí mi ò ní sè. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi sá pamọ́, mo ti ń ka owó mi kú. Ìgbà tó di ọjọ́ kẹwàá, mo jí lóru mo tan iná fóònù sí i, wọ́n dúró lórí aiptasia wọ́n ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ dòdò.

Nígbà tó di oṣù kẹta, nitrate ti wálẹ̀ sí bíi 10. Coral kan tí mo rò pé ó ti kú, tó sún kì bíi bọ́tìnì, ṣàdédé là bí olú, wọ́n ní mushroom náà ni wọ́n ń pè é. Mo wọ iyùn, tí òun náà jẹ́ coral, lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, mi ò mọ̀ rí pé ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tín tó bá irú èyí tan ló máa ń kọ́ egungun yẹn sísàlẹ̀ òkun. Ṣé ẹ rí i, mo jókòó síwájú táǹkì yẹn, ata jóná mọ́ mi lọ́wọ́.

Oṣù kẹrin ni wọ́n tó gbà láti ta ẹja fún mi. Mo nàka sí clownfish ńlá kan, àbúrò ní rárá, ó bá mi mú èyí tó kéré jù níbẹ̀. Ó ní akọ ni wọ́n máa ń bí gbogbo wọn, èyí tó bá jẹ́ ọ̀gá láàárín wọn ló ń di abo, kí tuntun má tó àgbà kí wọ́n má bàa jà. Ọkọ mi ní òun ò ní sọ nǹkan kan. Ní báyìí, tí ìyálé, ìyẹn clownfish àkọ́kọ́, bá ti sún mọ́ kékeré yẹn, kékeré á máa gbọ̀n jìnnìjìnnì, á dẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ títí yóò fi kọjá.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Monday. Ẹ mú kẹ́ẹ̀gì tiyín dání, wọ́n ń ta tiwọn ní pọ́n-ùn mẹ́fà, ẹ sì wá tírọ́lì.