Bẹ́ẹ̀dì afẹ́fẹ́ fún ẹni tó ń lọ kí òbí lókè òkun: irú èyí tó yẹ kí ẹ rà

Ẹni tó lọ kí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ lókè òkun, tó wá ń sùn ní òtẹ́ẹ̀lì, kò ní jẹ nínú èyí tó dùn jù: ọ̀rọ̀ òru, àti ti ìdájí kí oníkálukú tó wẹ̀. Ilé tí kò ní yàrá àlejò ló sábà ń lé ọmọ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí lè yanjú èyí, bí ẹ bá ra irú tó yẹ.

Èyí tí a fara mọ́ ni ti ẹnì kan: ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 99, ó gùn tó 190, ó ga tó 46, pọ́ǹpù oníná sì wà lára rẹ̀. Àwọn kan ga ní 22 péré. Wọ́n fúyẹ́, àmọ́ orúnkún á sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ dìde láàárọ̀. Bí ẹni méjì bá ń lọ, tí àyè sì wà, kékeré méjì sàn ju ńlá kan lọ, nítorí bí ẹnì kan bá yíra padà lórí ńlá, ẹnì kejì á fò sókè.

Iná ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe. Amẹ́ríkà àti Kánádà ń lo iná tí agbára rẹ̀ jẹ́ fólítì (volt) 120. Yúróòpù àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ń lo 220 sí 240. Bí ẹ bá ki pọ́ǹpù 120 bọ iná 230, ó máa jó. Pọ́ǹpù 230 lórí iná 120 kò ní lágbára tó láti fẹ́ bẹ́ẹ̀dì le. Adápítọ̀ kékeré tí àwọn arìnrìn-àjò ń rà kò wo ìyẹn sàn, ẹnu púlọ́ọ̀gì nìkan ló ń yí padà. Nítorí náà, ní ìlú tí òbí ń gbé ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Rọ́bà tuntun máa ń nà. Bó bá rọ̀ ní alẹ́ kìíní àti ìkejì, kì í ṣe pé ó jò. Òtútù òru náà máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sún kì. Ẹ fi kún un kí òbí tó sùn, torí ariwo pọ́ǹpù yẹn tó jí gbogbo ilé. Ẹ fi ìkúùkù tẹ àárín rẹ̀: kó wọlé bíi sẹ̀ǹtímítà 3. Ẹ má fẹ́ ẹ le gan-an. Àwọn ọ̀já rọ́bà wà nínú rẹ̀ tó so òkè mọ́ ìsàlẹ̀. Bí ọ̀kan bá já, òkè á yọ gegele bí iké, kò sì ní àtúnṣe mọ́. Ẹ gbé e jìnnà sí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná.

Ìsàlẹ̀ ni òtútù rẹ̀ ti ń wá. Kúbùsù tó nípọn lábẹ́ ara ṣiṣẹ́ ju méjì lórí ara lọ.

Bó bá ń jò lóòótọ́, ẹ fi omi ọṣẹ pa á lára bí fọ́kanáìsà ti ń ṣe, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ibi tó bá ń hó ni. Àlẹ̀mọ́ kì í mú lórí irun múlọ́múlọ́ tó wà lókè bẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú àtúnṣe ti ń bàjẹ́. Ẹ fi sáńpépà ha irun náà títí rọ́bà tó ń dán á fi yọ, ẹ fi sípíríìtì nù ún, kó gbẹ, kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé nǹkan tó wúwo lé e fún wákàtí 12 kí ẹ tó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i.

Ẹ má tẹ́ ọmọ tí kò tíì ju oṣù 15 lọ sórí rẹ̀ láéláé. Ojú rẹ̀ lè rì sínú bẹ́ẹ̀dì, tàbí kó há sáàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, kó má lè mí.

Fún àbẹ̀wò tó ju oṣù kan lọ, fọ́ọ̀mù tó ṣeé ká sàn fún ẹ̀yìn, bí òbí bá ní ibi tí yóò gbé e sí. Èyí tó jẹ́ ti afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó ká a, kí ẹ sì sọ fún ará ilé pé kí wọ́n má to àpótí lé e lórí.