Ìlédìí olówó pọ́ọ́kú àti èyí tó gbówó lórí

Lọ́sàn-án, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín àwọn méjèèjì. Ọmọ tọ̀, a pààrọ̀ rẹ̀, ó parí. Òru ló ń tú àṣírí. Èyí tó gbówó lórí ní ìyẹ̀fun tó pọ̀ nínú, tó ń fa ìtọ̀ mu tó sì ń sọ ọ́ di ohun tó ki, nítorí náà ìdí ọmọ kì í tutù. Ti olówó pọ́ọ́kú tí a rà, bí ọmọ bá jókòó lé e, omi á tún sun jáde. Rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ náà le, ó ń fa ìlà sí itan ọmọ. Àmọ́ kò ní lọ́fínńdà bíi ti ekejì, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn (ta ló ní kí ìdí ọmọ máa ta sánsán?). Olówó pọ́ọ́kú la ń lò lójúmọmọ báyìí, ekejì di ti alẹ́.