Lọ́ọ̀kì ilẹ̀kùn ọkọ̀: ojúlówó tuntun, àfarawé, àbí tòkunbọ̀?

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó kọ̀ tí kò tì ni lọ́ọ̀kì rẹ̀ bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ yẹ rọ́bà tí waya gbà kọjá láàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀ wò. Ibẹ̀ ni waya sábà máa ń já sí, torí gbogbo ìgbà tí a bá ṣílẹ̀kùn ló ń tẹ̀ tó ń nà. Gíríìsì tó ti gan náà lè mú irin rẹ̀ lọ́ra. Mo ra lọ́ọ̀kì nígbà kan láìyẹ waya wò. Ó ṣì wà nínú páálí títí dòní.

Tó bá jẹ́ lọ́ọ̀kì gan-an ni, ṣé odindi lẹ ó rà, àbí mọ́tò rẹ̀ nìkan, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná tì í, tó sì ń ṣí i? Bí kọ́kọ́rọ́ àti ọwọ́ ilẹ̀kùn bá ṣì ń ṣiṣẹ́, tó jẹ́ rímóòtù nìkan ni kò gbọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ mọ́tò ló kú. Lára ọkọ̀ míì, súkúrù ni wọ́n fi dè é, ẹ lè rà á lọ́tọ̀. Lára òmíràn, wọ́n ti ṣe é pọ̀. Ẹ ra odindi.

Ojúlówó tuntun ló wọ́n jù. Mo lè rà á fún ilẹ̀kùn awakọ̀, torí òun là ń ṣí jù. Fún ti ẹ̀yìn tí èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ jókòó sí, n kò ní rà á.

Àfarawé tuntun a máa dán, ṣùgbọ́n dídán kọ́ ló ń ti ilẹ̀kùn. Àwọn kan dára. Àwọn kan, ihò súkúrù wọn á yẹ̀ díẹ̀. Ẹ má ra èyí tí olùtà kò ní gbà padà.

Tòkunbọ̀ lèmi fẹ́ràn: ojúlówó tó jáde lára ọkọ̀ míì ni. Àmọ́ ẹ dán an wò lójú ẹni tó ń tà á. Ẹ fi orí ṣúkúrùdíráfà ti ahọ́n irin ẹnu rẹ̀ wọlé: ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ "kà", lẹ́yìn náà "kà" kejì. Ti àkọ́kọ́ ni ìgbà tí ilẹ̀kùn kàn fara kọ́, ìkejì ni ìgbà tó pa dé dáadáa. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ gbọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wá fa apá rẹ̀, èyí tí ọwọ́ ilẹ̀kùn máa ń fà. Ahọ́n náà gbọ́dọ̀ ta padà fúnra rẹ̀.

Èyí tó wù kí ẹ yàn, ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà. Ti ọ̀tún kò wọ òsì. Ẹ fi nọ́ńbà ara wọn wéra, kí ẹ sì ka ẹsẹ̀ irin inú plọ́ọ̀gì: méjì lè jọra bí ìbejì, kí ọ̀kan ní mẹ́rin, kí èkejì ní mẹ́fà. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn tó ní ojú kọ́kọ́rọ́ lẹ ń pààrọ̀, ẹ yọ ojú kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ sínú ọwọ́ tuntun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́rọ́ méjì lẹ ó máa gbé kiri.

Nílé, ẹ gbé gíláàsì sókè, ẹ yọ orí bátìrì, ẹ tú páńẹ́lì inú ilẹ̀kùn, ẹ rọra ká ọ̀rá tó ń dá omi dúró lẹ́yìn rẹ̀. Súkúrù etí ilẹ̀kùn sábà máa ń ní ojú bí ìràwọ̀, ó sì máa ń le. Irinṣẹ́ tí kò bá a mu á bó o lójú. Lẹ́yìn tí ẹ bá de tuntun, ẹ má tíì pa ilẹ̀kùn dé. Ẹ fi ṣúkúrùdíráfà ti ahọ́n náà wọlé bó ṣe wà ní ṣíṣí, kí ẹ fa ọwọ́ inú àti ti ìta. Bí ẹ bá pa á dé nígbà tí okùn tó so ọwọ́ ilẹ̀kùn mọ́ lọ́ọ̀kì kò tíì kọ́, ẹ ó máa wá bí ẹ ó ṣe tú súkúrù tí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀.