Awọ sea otter àbí igi sandalwood: èwo ló san jù fún oníṣòwò Pàsífíìkì?

Lẹ́yìn ọdún 1800, ọkọ̀ Boston, ìlú Amẹ́ríkà, tó fẹ́ ra tíì àti sílíìkì ní Canton, èbúté Ṣáínà, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ohun tí àwọn ará Ṣáínà fẹ́. Etí òkun Pàsífíìkì ni wọ́n ti ń wá a.

Awọ sea otter, ẹranko inú òkun tí irun rẹ̀ ki, fúyẹ́, ó sì lówó lórí. Ọdẹ rẹ̀ ló le. Ní 1803, ọ̀gákọ̀ Joseph O'Cain bá Baranov, olórí ilé-iṣẹ́ Rọ́ṣíà ní Alaska, ṣàdéhùn: Baranov yọ̀ǹda àwọn ọdẹ ìbílẹ̀, wọ́n lọ dẹ etí òkun California, wọ́n sì pín awọ.

Igi sandalwood ti Hawaii, igi olóòórùn dídùn, wúwo ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n oníṣòwò kò nílò ọdẹ kankan. Àwọn ìjòyè ló ń rán mẹ̀kúnnù lọ sórí òkè láti gé e, kí wọ́n sì fi ẹ̀yìn pọ̀n ọ́n wá sí etíkun. Àwìn tí ọba àti àwọn ìjòyè ń rà ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ní 1820, Ọba Liholiho ti Hawaii ra ọkọ̀ ìgbafẹ́ Cleopatra's Barge ní píkù igi 8,000. Píkù kan tó nǹkan bí kílò 60. Gbèsè ga débi pé òfin 1826 ní kí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan mú ìdajì píkù wá, tàbí kó san dọ́là Sípéènì 4.

Lójú tèmi, igi ló rọrùn jù fún oníṣòwò, òun náà ló sì ni ará Hawaii lára jù: ẹni tó ń ru igi kọ́ ló jẹ gbèsè.