Ẹ ṣọ́ra fún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n bá ní "a ti sáfíìsì ẹ̀ tán"

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ lórí ọ̀sà, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó kówó sílẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.

Ẹja ni mò ń tà. Èmi ni mo ni ọkọ̀ fáìbà tí àbúrò mi ń wà láti Báyékù lọ sí Langbasa lápá Àjáh, a sì máa ń gbé èrò mọ́ ẹja. Nígbà tí ẹ́ńjìnì wa àtijọ́ kú, a lọ ra Yamaha 40 (alágbára ẹṣin ogójì) tòkunbọ̀ kan, ó lé ní mílíọ̀nù méjì náírà, owó àjọ mi wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnì ọ̀hún ń dán gbinrin. Ọ̀gá tó ń tà á ní "Mummy, a ti sáfíìsì ẹ̀ tán o, ẹ kàn lọ gbé e kọ́ sídìí ọkọ̀ ni, ó dọdún kan kẹ́ ẹ tó tún fọwọ́ kàn án." Wọ́n gbé e sínú dúrọ́ọ̀mù omi, wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kan péré ó dáhùn, omi ń tú jáde lẹ́yìn ẹ̀ bí ìgbà tí ọmọ ọkùnrin bá ń tọ̀. Mo tiẹ̀ ní kí mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò fún mi, àmọ́ àwọn náà ló bá mi pe mẹkáníìkì ọ̀hún, ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe.

Torí wọ́n ní àwọn ti sáfíìsì ẹ̀, àwa náà ò ṣe é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, èrò mẹ́fà wà nínú ọkọ̀, ìyá ọlọ́mọ kan wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹja mi, a ti dé àárín ọ̀sà nígbà tí mo gbóòórùn rọ́bà tó ń jó. Mo bojú wẹ̀yìn, omi tó máa ń tú jáde lára ẹ́ńjìnì ti dá. Kí àbúrò mi tó pa á, pẹ́ńtì orí ẹ̀ ti ń wú bí ìgbà tí omi gbígbóná bá ta séèyàn lára, ló bá gan pa. Àjẹ̀ kan ṣoṣo la ní. Afẹ́fẹ́ ń gbé wa lọ sójú ọ̀nà àwọn ọkọ̀ ńlá, ilẹ̀ ń ṣú, ọmọ yẹn ń ké. Àwọn tó ń wa yanrìn ló ju okùn sí wa tí wọ́n fi fà wá dé èbúté. Gbogbo wa wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, mo dúpẹ́, àmọ́ mi ò lè gbàgbé ojú ìyá yẹn.

Ọmọ Ìkòròdú kan tó mọṣẹ́ ló tú u. Rọ́bà tó ń fami sókè láti tu ẹ́ńjìnì lára, ìyẹn ìmpẹ́là, ti gbó, ó le bí igi, apá ẹ̀ mẹ́rin ti ṣẹ́. Nínú dúrọ́ọ̀mù fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ó lè fami dáadáa, ẹ gbé ẹrù lé e kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ lọ jìnnà, ó parí. Iyọ̀ ti dí ojú ọ̀nà omi inú ẹ̀, ó funfun báyìí. Gíà ọ́ìlì tó wà ní ẹsẹ̀ ẹ̀, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ tó máa ń wà nínú omi, rí bíi mílíìkì, torí síìlì tí kì í jẹ́ kómi wọlé ti bàjẹ́, omi ti wọlé, tuntun ni wọ́n rọ sí i láàárọ̀ ọjọ́ tá a rà á kó lè mọ́ lójú wa. Agolo ọ́ìlì tá a fi ń po epo tí wọ́n fi ṣe èènì fún wa, ọ́ìlì mọ́tò dúdú ni wọ́n rọ sínú ẹ̀!

Torí náà, mẹkáníìkì tiyín ni kẹ́ ẹ mú lọ. Tí wọ́n bá ti tan án kẹ́ ẹ tó dé, ẹ ní kó tutù kẹ́ ẹ tún tan án lójú yín. Ẹ ṣí ìdérí ẹ̀, ẹ wo orí àwọn bóòtù tí wọ́n fi dè é: tí pẹ́ńtì tuntun bá bo bóòtù mọ́lẹ̀, kí ni wọ́n ń fi pamọ́? Ẹ ní kí wọ́n fi gésì wọn kọmpúrẹ́ṣọ̀n, ìyẹn agbára tí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, kí sìlíńdà kan má jìnnà sí èkejì, tèmi ọ̀kan jẹ́ 120 PSI, èkejì ò tó 80. Ẹ tú síkúrù ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti sùn mọ́jú, omi ló máa kọ́kọ́ jáde tó bá wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti ha nọ́ńbà ara ẹ̀ kúrò, ẹ sá, ó lè jẹ́ ti olè. Ẹni tó bá ní ẹ ò lè tú u, ẹ gbówó yín dání.

Kódà tẹ́ ẹ bá ra èyí tó dáa, ìmpẹ́là tuntun lẹ máa kọ́kọ́ fi sí i lọ́jọ́ náà, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọdọọdún là ń pààrọ̀ ẹ̀ báyìí, gíà ọ́ìlì ní wákàtí 100, alaalẹ́ là ń fi omi tó mọ́ fọ inú ẹ̀ torí iyọ̀. Ọ́ìlì tó ní TC-W3 lára (àmì ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi tó ń lo epo pípò), tí wọn ò tíì ṣí, la fi ń po epo, lítà epo 50 sí lítà ọ́ìlì kan. Tí ewéko ojú omi tàbí ọ̀rá pure water bá dí ihò tó ń fami, ẹ pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e sókè kẹ́ ẹ yọ ọ́, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ dé èbúté ná.

Ọ̀gá yẹn gba ẹ́ńjìnì padà lọ́wọ́ mi bíi àlòkù irin, ₦400,000 ló san. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá àbúrò mi kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó rí i lórí igi, wọ́n ti tún un kùn. Ẹ wo abẹ́ irin tí wọ́n fi ń dè é mọ́ ọkọ̀, lápá òsì: ojú wẹ́dà kan wà níbẹ̀, ó gùn tó ìka ọwọ́, ó wọ́ díẹ̀ sísàlẹ̀. Òun nìyẹn.