Kámẹ́rà yìí dára, àmọ́ ó dákú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́nu ẹ̀jẹ́ ìgbéyàwó

Ká ní ẹnìkan sọ fún mi nígbà tí mo kọ́kọ́ ra kámẹ́rà yìí pé màá jókòó lọ́jọ́ kan láti fẹjọ́ rẹ̀ sùn, ǹ bá bá onítọ̀hún jà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, ẹ ti kà á níbòmíràn: 4K, bíìtì 10, àyè káàdì méjì, ihò máìkì. Mi ò ní tún un kà fún yín. Mi ò sì ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí ẹjọ́ èmi pẹ̀lú wọn ṣì wà nílẹ̀, àti pé ohun tó ṣe mí yìí lè ṣe ẹni tó ń lo ti ilé iṣẹ́ mìíràn. Ìgbéyàwó kan tí wọ́n pè mí láti wá ya fídíò rẹ̀ ló gbé mi dé ìdí ìwé kíkọ.

Ọkọ ìyàwó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Kámẹ́rà wà lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó dojú kọ àwọn méjèèjì, kò sì tíì dúró láti ìgbà tí ìyàwó ti wọlé. Mo bojú wo sikirínì rẹ̀, mo rí i pé ọkọ ìyàwó la ẹnu sílẹ̀ níbẹ̀, kò pa á dé. Ọkùnrin tí mò ń fi ojú ara mi wò níwájú sì ń sọ̀rọ̀ lọ ní tirẹ̀. Aago tó ń ka ìṣẹ́jú ti dúró. Iná pupa tó ń sọ pé iṣẹ́ ń lọ kò kú, ó ń tàn ṣáá. Mo tẹ bọ́tìnì ìdádúró, kò gbọ́. Mo tẹ bọ́tìnì mẹ́nù, kò gbọ́. Mo yí bọ́tìnì tí wọ́n fi ń tàn án, tí wọ́n sì fi ń pa á, sí OFF, ó ṣì ń wò mí. Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, kò gbóná. Bátìrì ju ìdajì lọ. Kámẹ́rà tí ooru bá mú a máa kìlọ̀, a sì máa ti fáìlì rẹ̀ kó tó pa ara rẹ̀. Èyí kò kìlọ̀ kankan. Nígbà tí kò sí ọgbọ́n mìíràn mọ́, mo yọ bátìrì. Mo yọ káàdì méjèèjì, mo fi òmíràn sí i, mo dá bátìrì padà, ó sì tàn bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Kámẹ́rà mi kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn èrò ló ń yà. Ẹ̀yìn orí ọkọ ìyàwó nìkan ló rí.

Nígbà tí mo délé, mo ki káàdì bọ kọ̀ǹpútà. Fáìlì wà níbẹ̀, ó lé ní 60 GB, kò sì sí ètò kan lórí kọ̀ǹpútà mi tó rí i ṣí. Ṣebí káàdì méjì ni mò ń kọ ọ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà? Mo ki ìkejì bọ̀ ọ́. Ọ̀kan náà ni.

Ẹ farabalẹ̀ ka ibí yìí, torí àwọn tó ń ta kámẹ́rà kì í sọ ọ́. Fáìlì fídíò tó jẹ́ MP4 tàbí MOV ní apá méjì tó ṣe pàtàkì. Inú èyí tí wọ́n ń pè ní mdat ni àwòrán àti ohùn wà. Moov ni èkejì, òun ló mọ ibi tí àwòrán kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó parí sí, àti ọ̀nà tí wọ́n gbà fún un pọ̀. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kì í kọ moov yìí àfi tí a bá tẹ bọ́tìnì ìdádúró. Tí iná bá já kó tó dìgbà yẹn, ohun tó kù dà bí ìwé ńlá tí gbogbo ewé rẹ̀ tú sílẹ̀ tí kò sì sí nọ́ńbà lára ìkankan. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ta ni yóò kà á? Káàdì méjì kò sì ran èyí, nítorí kámẹ́rà kan náà ló ń kọ sí méjèèjì, kò sì tíì kọ moov sí ìkankan nínú wọn. Káàdì kejì ń gbani lọ́wọ́ káàdì tó bàjẹ́. Kì í gbani lọ́wọ́ kámẹ́rà tó dákú.

Ilẹ̀ mọ́, mo pe nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ náà fi sílẹ̀ fún oníbàárà.

"Ẹ káàárọ̀ ọ̀gá, ẹ ṣé tí ẹ pè wá." Ohùn ọmọkùnrin kan ni, ohùn tó tutù, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kàwé sókè. Mo rò ó fún un láti orí dé ìdí. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá. Ṣé ẹ ti pa á, kí ẹ wá tún un tàn?" Mo ní pípa yẹn gan-an ni kò gbà. "Ó dáa, ọ̀gá. Ṣé káàdì yín wà lára èyí tí a fọwọ́ sí?" Mo ní V90 ni. Ìtumọ̀ V90 ni pé ìyára tí káàdì fi ń kọ nǹkan kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju mẹ́gábáìtì 90 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tí mò ń ká jẹ́ mẹ́gábíìtì 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí í ṣe mẹ́gábáìtì 25 péré, torí bíìtì mẹ́jọ ló ń di báìtì kan. Agbára káàdì fi ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tayọ ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́. Mo ṣírò rẹ̀ fún un lórí fóònù, ó gbọ́ mi tán, ó dúpẹ́, ó wá ní: "Ẹ fọ́ọ̀mátì káàdì náà nínú kámẹ́rà, ọ̀gá, kí ẹ tún gbìyànjú."

Orí mi gbóná. Ohun tí mo ń wá ń bẹ lórí káàdì, ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti ràn mí lọ́wọ́ ní kí n nù ún dànù. Mo bi í pé, "Àbúrò mi, ṣé o mọ ohun tí fọ́ọ̀mátì máa ṣe fún fáìlì yìí?" Ó ní ohun tí wọ́n kọ síwájú òun ni òun ń sọ. Mi ò bú u, torí mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Mo ní kó fún mi ní ọ̀gá rẹ̀. Orin bẹ̀rẹ̀, orin parí, orin tún bẹ̀rẹ̀, ìlà já. Mo tún pè, ẹlòmíràn gbé e. Ẹ ti mọ ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí: ṣé mo ti pa á, kí n wá tún un tàn?

Mo gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tún kámẹ́rà ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí káńtà gbà á lọ́wọ́ mi, ó dà á dojú bolẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí rẹ̀, ó rí ibi tí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti ha á, ó sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù: "ara rẹ̀ ti ha." Kò tíì bi mí léèrè ohun tó gbé mi wá o! Ìgbà tí mo ṣàlàyé tán ló ní, "Kámẹ́rà la tà fún yín, ọ̀gá. A ò ta ohun tó wà nínú káàdì." Ó tọ̀nà, wáráńtì kámẹ́rà kì í sábà kan fídíò tí ènìyàn fi yà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ń bẹ tó tọ̀nà tí ènìyàn ò gbọdọ̀ fi ẹnu báyẹn sọ. Ó ti fọ́ọ̀mù sọ́dọ̀ mi kí n fọwọ́ sí i pé wọ́n lè dá gbogbo ètò inú kámẹ́rà padà sí bó ṣe wà nígbà tó jáde nílé iṣẹ́. Mo ní mi ò fọwọ́ sí nǹkan kan. Ohùn mi ti ń lọ sókè díẹ̀, kí n má parọ́.

Ohùn náà ló mú obìnrin kan jáde láti ẹ̀yìn. Ó ti dàgbà, awò ojú rẹ̀ wà níwájú orí, ó mú sikurúdíráífà tíńtín kan dání. Kò kí ẹnikẹ́ni. "Ṣé ẹ ti kọ nǹkan mìíràn sórí káàdì yẹn?"

"Rárá, màdáàmù."

"Kò sí ẹni tó ní kí ẹ fọ́ọ̀mátì ẹ̀?"

Mo wo ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn. Ilẹ̀ ló ń wò. Mo ní, "Wọ́n ní kí n ṣe é, mi ò ṣe é." Obìnrin náà pòṣé, ó ní kí n máa bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe bó ṣe ṣe é, torí mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ó gba káàdì, ó fi èékánná fa ìdè kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wálẹ̀, kí ohunkóhun má ṣèèṣì kọ sí i. Ó ṣe ẹ̀dà gbogbo káàdì náà, kì í ṣe fáìlì nìkan, ó sì kó káàdì lé mi lọ́wọ́: "Ẹ mú un dání. Orí ẹ̀dà ni màá ti ṣiṣẹ́." Lẹ́yìn náà ló ní kí n fi kámẹ́rà yẹn gan-an ya fídíò ìṣẹ́jú díẹ̀ fún òun, kí gbogbo ètò rẹ̀ jẹ́ bó ṣe wà lọ́jọ́ ìgbéyàwó: 4K, férémù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìfúnpọ̀ kan náà, ohùn kan náà. "Tó bá fi díẹ̀ yàtọ̀, kò ní bára mu." Ọ̀dọ́mọkùnrin ìdí káńtà ló wà níwájú, òun ni mo yà. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

Ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ untrunc ló lò. Ó ń wo fáìlì tó dá ṣáká, ó ń kọ́ bí kámẹ́rà yẹn ṣe ń to nǹkan, ó wá ń fi ìmọ̀ yẹn wá àwòrán àti ohùn jáde nínú èyí tó fọ́, kó lè kọ moov tuntun fún un. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ, màdáàmù ń ṣàlàyé fún mi, ìbéèrè tí mo bá bi í, ó ń dáhùn, kò sọ fún mi rí pé kí n dákẹ́. Àwòrán kọ́kọ́ jáde: ìyàwó ń wọlé, ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń ta pàrà, ó sì ń ṣáájú ẹnu. Ó bi mí bóyá mo ká ohùn sọ́tọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, máìkì kékeré wà láyà ọkọ ìyàwó. "Ẹ ti bọ́ nìyẹn." Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tó kẹ́yìn kò jáde rárá, nítorí wọ́n ṣì wà nínú iyè kámẹ́rà nígbà tí mo yọ bátìrì, wọn kò tíì dé orí káàdì. Mo fi ẹ̀yìn orí ọkọ àti ojú àwọn èrò dí ihò náà, àwọn tó ni ìgbéyàwó kò sì mọ̀ títí di òní.

Inú mi dùn débi pé mo ti fẹ́ gbàgbé ìjà. Ibẹ̀ ni mo wà tí màdáàmù fi sọ, bí ẹni tí kò rò ó, pé, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ gbé èyí wá."

Ilé iṣẹ́ náà mọ̀! Wọ́n mọ̀ pé kámẹ́rà yìí lè dì gbagidi tó bá ń kọ sórí káàdì méjì lẹ́ẹ̀kan náà fún àkókò gígùn. Mo forúkọ kámẹ́rà mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ní íméèlì mi, ìpolówó lẹ́ńsì kò sì yéé wọlé sí i. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo, kò wá. Nígbà tí firmware tuntun jáde, ìyẹn ètò tó ń darí kámẹ́rà láti inú, ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé ó mú kí kámẹ́rà túbọ̀ dúró ṣinṣin. Ó tán. Ta ni yóò ka ìyẹn tí yóò mọ̀ pé ìgbéyàwó ènìyàn ni wọ́n ń sọ? Oògùn rẹ̀ sì wà. Irú MP4 kan wà tó ń kọ moov rẹ̀ ní wẹ́wẹ́ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, tó fi jẹ́ pé tí iná bá já, ìgbẹ̀yìn nìkan ló ń ṣòfò. OBS tí àwọn ènìyàn fi ń ká ojú kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni, ó ní i. Kámẹ́rà tí wọ́n tà fún àwọn tó ń fi ṣiṣẹ́ jẹun kò ní i.

Níbi tí mo dé yìí, ihò HDMI rẹ̀, tí wọ́n ń ki wáyà sikirínì ìta bọ̀, náà ń bí mi nínú. Èyí tó kéré jù, tó tín-ín-rín bí ìka ọmọ ọwọ́, ni wọ́n fi sí i. Ẹ fọwọ́ kan wáyà rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, sikirínì ìta á kú. Lára kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n, wáyà SDI tó ń gbé àwòrán jáde ń yí bọ ihò, ó ń há síbẹ̀, ẹsẹ̀ lè kọ ọ́ kó má yọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo awọ ara ènìyàn nínú àwòrán rẹ̀ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kò tó. Dúdú kò di eérú, pupa kò di ọsàn. Ẹni tó ń rìn bọ̀ láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn títí dé iwájú lẹ́ńsì, kámẹ́rà yìí kì í gbójú kúrò lójú rẹ̀, bí ẹlòmíràn bá tilẹ̀ gba iwájú kọjá. Kì í sì í dá iṣẹ́ dúró ní ìṣẹ́jú 29 àti ìṣẹ́jú àáyá 59 bíi ti àwọn tó ṣáájú rẹ̀. (Owó ibodè ilẹ̀ Yúróòpù ló fa ìyẹn nígbà náà: kámẹ́rà tó bá lè ká tó ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀kan, kámẹ́rà fídíò ni wọ́n máa ń kà á sí tẹ́lẹ̀, owó orí rẹ̀ sì máa ń pọ̀ jù.) Láti ìgbà tí mo ti fi firmware tuntun sí i, kò dì mọ́. Síbẹ̀, gbogbo ibi tí ètò bá ti sinmi díẹ̀ ni mo ti ń dá a dúró, kí n tún un bẹ̀rẹ̀, kí fáìlì lè tì. Ẹ̀yin náà ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀, irú kámẹ́rà yòówù kí ẹ ní.

Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà pé kí wọ́n yọ fọ́ọ̀mátì kúrò nínú ohun tí wọ́n ń kà fún oníbàárà. Wọ́n fèsì pé àwọn ti gba ìwé mi, inú àwọn sì dùn pé mo kàn sí àwọn.

Mo fún kámẹ́rà yìí ní ìràwọ̀ 4 nínú 5. Mo ti ra ìkejì irú rẹ̀. Ẹyọ kan tí mo yọ, ẹni tó ní kí n fọ́ọ̀mátì káàdì ló ni ín.