Oúnjẹ wọn dùn o, àmọ́ tọ́lẹ́ẹ̀tì wọn ti di sítọ́ọ̀

Ilé oúnjẹ kan níbi tí mò ń gbé ní Amẹ́ríkà níbí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, mi ò ní dárúkọ wọn. Wíìṣíà ni mo fi ń rìn, torí náà kí n tó béèrè pé kí ni wọ́n ń tà, ẹnu ọ̀nà ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.

Ráǹpù wọn, ìyẹn ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ ń gbà gòkè, dáa, ẹ jẹ́ n sòótọ́. Òfin ní tí ẹnu ọ̀nà bá fi íǹṣì 1 ga ju ilẹ̀ lọ, kí ráǹpù gùn tó íǹṣì 12 ó kéré tán, tiwọn sì nà dáadáa, èmi fúnra mi ni mo wa kẹ̀kẹ́ mi gòkè. Ẹja yíyan wọn ńkọ́, háà, díẹ̀ ló kù kí n lá abọ́. Tọ́lẹ́ẹ̀tì ni wàhálà. Àmì wíìṣíà wà lára ilẹ̀kùn gbàgàdà, mo ṣí i, àga gíga tí wọ́n ń gbé ọmọdé lé, mẹ́ta, páálí tíṣù, ìgbálẹ̀, mọ́ọ̀pù tó ṣì ń ro omi, gbogbo ẹ̀ kún ibi tó yẹ kí n ti yí kẹ̀kẹ́, 60 íǹṣì ló sì yẹ kó ṣófo níbẹ̀ o. Ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ fún wa ní kí n má bínú, pé àwọn ṣì gbìyànjú, ibòmíì ò tiẹ̀ ní ráǹpù.

Gbìyànjú kẹ̀? Ṣé sàráà ni? Section 504, òfin tó ní kí ibi tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ má ṣe yọ aláàbọ̀ ara sílẹ̀, ti wà látọdún 1973, ìjọba kàn ń fi ìlànà ẹ̀ falẹ̀ ni, àfìgbà tí Judy Heumann, obìnrin oníwíìṣíà tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláàbọ̀ ara, àtàwọn èèyàn ẹ̀ lọ jókòó pa sínú ọ́fíìsì ìjọba ní San Francisco ní 1977, ó lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta wọn ò kúrò, àwọn Black Panther, ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn, ló ń gbé oúnjẹ gbígbóná lọ bá wọn (ẹ ò rí i pé àwọn yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àlejò). Ní March 1990 àwọn míì fi wíìṣíà sílẹ̀ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn Capitol, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, wọ́n ń rákò gòkè, ọmọbìnrin ọlọ́dún 8 kan wà níbẹ̀, July ọdún yẹn ni Ààrẹ Bush tó buwọ́ lu ADA, òfin ẹ̀tọ́ aláàbọ̀ ara tó de ilé oúnjẹ náà.

Máníjà wá bẹ̀ mí, òun fúnra ẹ̀ ló kó àwọn àga yẹn jáde. Mo padà lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, àga méjì ti wọlé padà. Ìràwọ̀ 3, ẹja yẹn ló ni 2 níbẹ̀.